Fíìmù Faransé ló ṣáájú o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sójú òpó àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé àwọn Faransé ló jí The Upside, fíìmù Amẹ́ríkà ti Kevin Hart, wò, pé àròsọ lásán sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2011 ni Intouchables, fíìmù Faransé náà, jáde. 2019 ni ti Amẹ́ríkà tó dé sinimá.

Èèyàn gidi ni àwọn méjì tí ìtàn fíìmù náà dá lé lórí. Philippe Pozzo di Borgo jábọ́ láti òfuurufú ní 1993, kò sì lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ mọ́. Olówó ni, àmọ́ kò wá ẹni tí yóò máa káàánú rẹ̀. Ibẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù! Abdel Sellou tó tọ́jú rẹ̀, ọmọ Àlùjíríà ni. Fíìmù ló sọ ọ́ di ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ipa yẹn sì ni òṣèré Omar Sy fi gba César, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Faransé.

Ẹ bá wa tún un kọ, àwọn ọmọ LAUTECH ti ń pín in kiri.