Vape kọ́ ni Ìlú Ọba fòfin dè, èyí tí a ń lò jù nù ni

Ẹ̀yin ará wa, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp pé Ìlú Ọba ti fòfin de vape (ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń sọ omi di oru téèyàn ń fà sínú), pé kí ẹni tó fi í jáwọ́ nínú sìgá kúkú padà sídìí sìgá, kì í ṣe òótọ́. Ó lè ṣekú pani.

Èyí tí wọ́n fòfin dè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù, nítorí ìdọ̀tí bátìrì rẹ̀ àti àwọn ọmọdé tó ń fà á. Èyí tó ṣeé gba iná sí, tó sì ṣeé rọ omi sí, ṣì wà lórí àtẹ. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: níkótìnì rẹ̀ (èròjà tábà tó ń di bárakú) kò gbọ́dọ̀ ju 20 mg lọ nínú mílílítà kan.

NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ṣì ń gba amusìgá níyànjú láti fi vape jáwọ́. Vape ní ewu tirẹ̀ o, ẹni tí kò mu sìgá rí kó má dán an wò. Ṣùgbọ́n èéfín tábà tó ń jó ló ń pa amusìgá jù, vape kì í sì í jó tábà.

Òfin nìkan kọ́ la fi ń mọ èyí tó burú jù. Íńdíà fòfin de títà vape ní 2019, sìgá sì ń tà níbẹ̀ dòní.

Bó bá jẹ́ èyí àlòjùnù lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ ra èyí tó ṣeé rọ. Ẹ má padà sídìí sìgá.