Kì í ṣe nítorí Ku Klux Klan ni wọ́n ṣe dá NRA sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé ọdún 1871 ni wọ́n dá NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn Amẹ́ríkà, sílẹ̀ láti kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìbọn yíyìn, kí wọ́n lè kojú Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó ń fi ìwà ipá dá àwọn aláwọ̀ dúdú lóró. Ọdún yẹn tọ̀nà. Ìyókù, irọ́ ni.

New York ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kì í ṣe Gúúsù tí Klan ti ń ṣọṣẹ́. William Church àti George Wingate, tí wọ́n jà fún ìhà Àríwá nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ló wà nídìí ẹ̀. Ohun tó ká wọn lára ni pé ọ̀pọ̀ sójà wọn ò mọ ìbọn yìn. Wọn á yìn ín, á tàsé. Pápá ìdánrawò ni wọ́n wá, ní Creedmoor, Long Island, wọ́n sì ṣí i ní 1873.

Òṣèlú tí a fi mọ̀ wọ́n lónìí, ẹ̀yìn ló dé. 1975 ni wọ́n dá ẹ̀ka tó ń lọ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí o: nígbà tí California ṣòfin ní 1967 láti dá àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, tó ń gbé ìbọn kiri ní gbangba, lẹ́kun, NRA ò takò ó, ṣe ni wọ́n tì í lẹ́yìn.