Ta ló ní eyín nìkan ni dókítà eyín mọ̀?

"Eyín ló ń dùn mí tí mo fi lọ rí dókítà eyín, ó ní kí n ká apá aṣọ sókè." Tí ẹnikẹ́ni bá sọ irú èyí nílé wa, ẹ̀rín la ó kọ́kọ́ rín, ká tó bèèrè irú ayédèrú dókítà tí ìyẹn jẹ́. Àmọ́ kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀ tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ni. Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni gómìnà wọn nígbà náà, Kate Brown, buwọ́ lu òfin tó gba dókítà eyín láyè láti kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún èèyàn, kó sì gún un fúnra rẹ̀, fọ́mọdé fágbà. Minnesota àti Illinois ti ṣe díẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ flu fún àgbàlagbà ni tiwọn nígbà náà.

"Eyín leyín, ara lara," ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nìyẹn. Ó dáa, ẹni tó bá ti yọ eyín kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rí, ẹ rántí ohun tí wọ́n ṣe fún yín kí wọ́n tó mú ẹ̀mú. Inú ẹnu, lẹ́yìn egungun àgbọ̀n, ni dókítà ti fi abẹ́rẹ́ wá iṣan tí kò fojú rí, tó sì rọra fa abẹ́rẹ́ náà sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀lé e, kó má baà tú oògùn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Àjẹsára ńkọ́? Ẹran ejìká ni, ní gbangba. Ẹni tó ń fi òkùnkùn ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣé ojú ọ̀sán ló máa dà á láàmú? Kódà oògùn akunnilóorun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, oníṣẹ́ eyín kan, William Morton, ló dúró fi han àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Boston, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1846.

Bí ara bá kọ abẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Ara lè kọ oògùn tí wọ́n fi ń pa ẹnu kú náà, ìdí nìyẹn tí oògùn pàjáwìrì fi máa ń wà nítòsí àga wọn. Oregon ò sì ní kí wọ́n kàn máa gún un bó ṣe wù wọ́n: wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì fi orúkọ ẹni tí wọ́n gún ránṣẹ́ sínú àkọsílẹ̀ àjẹsára ìpínlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní dókítà gidi ló yẹ kó gún àjẹsára, ta ló gún ti ọmọ yín? Nọ́ọ̀sì ni. Ní Nàìjíríà wa níbí, ìgbìmọ̀ kan náà ló ń forúkọ dókítà ara àti ti eyín sílẹ̀. (Èmi ò ní kẹ́ ẹ lọ bèèrè àjẹsára lọ́wọ́ dókítà eyín yín lọ́la o. Òfin Oregon ni mò ń sọ.)

Èyí tó ká mi lára jù ni ti HPV, kòkòrò àrùn kan tó ń fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ la mọ̀ ọ́n mọ́; torí rẹ̀ ni Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan náà ń fa jẹjẹrẹ ìdí ahọ́n àti ẹ̀yìn ọ̀fun, lára ọkùnrin pẹ̀lú. Ta ló máa ń tanná wo ìdí ahọ́n yín? Òun gan-an làwọn kan ní kó má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀.