Campaign Guide kì í ṣe ìwé ìlérí, ẹ jọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n tún ti ya àwòrán ojú-ìwé kan nínú ògbólógbòó Campaign Guide ẹgbẹ́ Conservative ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo ìlérí tí wọ́n ṣe tí wọn ò mú ṣẹ." Ìlérí wo? Ìwé ìlérí ẹgbẹ́, ìyẹn manifẹ́sítò, olùdìbò ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Campaign Guide ní tirẹ̀, àkójọ ìsọfúnni àti ìṣirò ni, ẹni tó fẹ́ lọ dúró níwájú olùdìbò ló wà fún, kí ọ̀rọ̀ má baà pèsì jẹ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹnìkan bá dìde láàárín èrò tó bi í léèrè.

Ẹ wo ohun tó bí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òfin 1883 fi ààlà sí iye tí olùdíje lè ná sórí ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń fowó háyà láti wá ìbò kiri dín kù. Ní 1884, òfin mìíràn tún sọ àwọn baálé ilé ìgbèríko di olùdìbò. Owó dín, èrò pọ̀. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ ló kù tí yóò ṣiṣẹ́, irú àwọn ọmọ Primrose League, ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹ́yìn Conservative tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1883 yẹn kan náà. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè mọ tinú-tòde iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ireland? Ṣé ó mọ owó ibodè? Ní 1892, Campaign Guide kan jáde ní Edinburgh fún àwọn agbọ̀rọ̀sọ Unionist, ìyẹn àwọn Conservative àti àwọn tó bá wọn tako pé kí Ireland ní ìjọba tirẹ̀. Àwọn Liberal, ẹgbẹ́ alátakò wọn, kò káwọ́ gbera, wọ́n ti ní Liberal Publication Department, ẹ̀ka ìtẹ̀wé tiwọn, láti 1887. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Democrat ti tẹ Campaign Text Book tiwọn ní 1876, nígbà tí Tilden tiwọn ń bá Hayes ti ẹgbẹ́ Republican díje fún ipò ààrẹ.

Iṣẹ́ tó wà nínú Campaign Guide ni ẹ kò mọ̀ tí ẹ fi ń pè é ní ìwé ariwo. Nígbà tó di iṣẹ́ Conservative Research Department, ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, kì í ṣe ẹnìkan ló ń jókòó kọ ọ́. Olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ tó ń ṣọ́: ẹni ilé gbígbé, ẹni owó-orí, ẹni iṣẹ́ àgbẹ̀. Yóò máa ka Hansard, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin, yóò máa gé ìwé ìròyìn pamọ́. Bó bá mú ọ̀rọ̀ alátakò kan, ọjọ́ tí ó sọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Hansard, nọ́ńbà ìdìpọ̀ àti ti òpó ọ̀rọ̀ tí wọ́n pín ojú-ìwé rẹ̀ sí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí ni pé alátakò yóò ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Agbọ̀rọ̀sọ tí kò lè dárúkọ ọjọ́ ti pàdánù gbọ̀ngàn nìyẹn. Atọ́ka ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ń ṣe gbẹ̀yìn, torí bí ìpínrọ̀ kan bá ṣípò, gbogbo nọ́ńbà ojú-ìwé tó tẹ̀ lé e ti yẹ̀. Atọ́ka yẹn sì ni ọkàn ìwé náà. Ta ló fẹ́ ṣí ìwé ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí èrò ń wò ó lójú?

Ìṣirò ló sábà máa ń kó wọn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Bí owó-orí bá kúrò ní ìdá 20 nínú 100 bọ́ sí ìdá 25, ẹnìkan lè ní ó fi márùn-ún lé, ẹlòmíràn ní ó fi ìdámẹ́rin lé ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ó sì tún kan ọdún tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà: bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí nǹkan burú jù, ìjọba rẹ á dà bí iṣẹ́ ìyanu. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ á kọ ọdún ìpìlẹ̀ síbẹ̀, á sì sọ bóyá ó ti yọ ti ọ̀wọ́n-gógó kúrò.

Ohun tí kò sí ìwé tó lè borí rẹ̀ ni àkókò. Olórí ìjọba ló ń mú ọjọ́ ìdìbò nígbà náà, ìwé tí o tẹ̀ lónìí lè gbó kí ọjọ́ náà tó pé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 1970, ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n tó dìbò, ìṣirò òwò oṣù karùn-ún jáde: ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà wọlé fi mílíọ̀nù pọ́n-ùn 31 ju ohun tó tà síta lọ. Bàlùú jọ́ńbò méjì wà nínú iye yẹn, bí o bá sì yọ wọ́n, ọ̀rọ̀ náà rọ̀ púpọ̀. Wilson, olórí ìjọba láti ẹgbẹ́ Labour, ti ń fi ọrọ̀ ajé yangàn, Heath, olórí Conservative, gba ìṣirò yẹn mú, Heath ló sì wọlé. Kò sí ìwé tí wọ́n ti dì tó lè ní bàlùú méjì yẹn nínú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi Daily Notes, ìwé àlàyé ojoojúmọ́, ránṣẹ́ sí àwọn olùdíje lásìkò ìdìbò.

Àwọn kan á ní fóònù ti gba ipò gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Gbólóhùn tó ń wọ orí fóònù láàárọ̀ kò ní ọjọ́, kò ní òpó ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì bi ẹni tó ń kà á ní ìbéèrè kejì, ó tán.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mi ò lè fọwọ́ bò. Àwọn ìwé yìí náà ló sọ gígé ọ̀rọ̀ alátakò di iṣẹ́ ọwọ́: gbólóhùn kan láti inú ọ̀rọ̀ wákàtí kan, àmì tó-tò-tó mẹ́ta (...) níbi tí àlàyé wà. Ọjọ́ péye, òpó ọ̀rọ̀ péye, síbẹ̀ ohun tí ọkùnrin náà ní lọ́kàn ti bọ́ sọnù. Ẹni tó ya àwòrán ojú-ìwé kan lánàá tó fi ń bú ẹgbẹ́, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá kì í ṣe ọmọ ìwé náà gan-an ni.