Orúkọ Bàbá Kì Í Dí Bọ́ọ̀lù Lọ́nà

Tí ọmọ gbajúmọ̀ bá ti rọ́wọ́ mú nídìí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń sọ: "Ṣebí bàbá ẹ̀ ló bá a la ọ̀nà." Èmi náà máa ń sọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ tí mo bá ti rántí ọkùnrin ará Íńdíà kan tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì (eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹnì kejì ń fi igi gbá a), Mohinder Amarnath, tí wọ́n ń pè ní Jimmy, ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa ń há mi lẹ́nu.

Ẹ má rò pé bàbá rẹ̀ kéré o. Lala Amarnath ni ará Íńdíà àkọ́kọ́ tó gba ọgọ́rùn-ún rọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì ayò, nínú ìdíje Test, eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ní Bombay lọ́dún 1933, lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà àkọ́kọ́ tó máa wọ pápá fún Íńdíà. Òun náà ló ṣe balógun wọn lọ sí Australia nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ọmọkùnrin mẹ́ta tó bí, kíríkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn gbá. Surinder, ẹ̀gbọ́n Jimmy, gba rọ́ọ̀nù 124 nígbà àkọ́kọ́ tirẹ̀ náà, ní Auckland, New Zealand, lọ́dún 1976. Ẹni bíni là á jọ, àbí? Ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré ni Surinder gbá Test fún Íńdíà láyé rẹ̀.

Jimmy ńkọ́? Ó gbá Test àkọ́kọ́ lọ́dún 1969. Ìkejì, ó di 1976. Ọdún mẹ́fà gbáko! Níbo ni orúkọ bàbá wà nígbà yẹn?

Ká tiẹ̀ fìyẹn sílẹ̀, ẹ wá wo orí rẹ̀. Lọ́dún 1979, bọ́ọ̀lù tí Richard Hadlee ará New Zealand jù fọ́ egungun orí rẹ̀. Ọdún yẹn náà ló tún dojú kọ Rodney Hogg ará Australia ní Bombay, ẹ sì gbọ́ ohun tó dé sórí: irú akoto funfun tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó máa ń dé káàkiri láyé amúnisìn! Hogg ju bọ́ọ̀lù sí i, ó ṣubú lu wíkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, igi mẹ́ta tó yẹ kó dáàbò bò, ó sì bára rẹ̀ níta. Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọn ò pè é fún Test mọ́.

Ibi tó ti padà dé ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Láti ìparí 1982 wọ 1983, ó gba rọ́ọ̀nù 584 ní Pakistan, ó tún gba 598 ní West Indies, àwọn erékùṣù Caribbean, lọ́wọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù tó le jù láyé nígbà yẹn. Ní Bridgetown, bọ́ọ̀lù Malcolm Marshall bà á lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n rán ẹnu, ó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì padà sórí pápá. Michael Holding ló ń dúró dè é. Holding ju òmíràn sọ́nà orí rẹ̀, kò sá. Igi tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ló fi dá a lóhùn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Íńdíà na West Indies gba ife àgbáyé ní pápá Lord's ní London, 183 sí 140. Jimmy ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù, nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá àti nínú àṣekágbá fúnra rẹ̀. Holding yìí kan náà ló lé jáde kẹ́yìn. Kí ọdún tó parí, West Indies tẹ̀ lé wọn wá sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Jimmy mú igi, rọ́ọ̀nù KAN ṣoṣo ló rí gbà lápapọ̀. Wọ́n tún yọ ọ́. Ó tún padà: lọ́dún 1984, ó gba ọgọ́rùn-ún kan ní Lahore, Pakistan.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé bàbá ló bá a ṣèyẹn? Bóyá ohun kan wà tó jogún ṣá. Lọ́dún 1936, wọ́n dá Lala padà láti England nítorí ó fèsì sí balógun wọn, ọmọ ọba Vizianagram. Lọ́dún 1988, nígbà tí wọ́n tún yọ Jimmy kúrò, ó pe ìgbìmọ̀ tó ń yan eléré ní àgbájọ aláwàdà, ní gbangba. Ẹni ọdún 38 ni. Kò gbá Test kankan mọ́.