Bọ́nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi sí pẹ́ńṣàn ò di tìjọba

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹni tó bá fi bọ́nọ́ọ̀sì sí pẹ́ńṣàn ní Lọ́ńdọ̀nù kàn ń fowó ta ìjọba lọ́rẹ ni. Rárá o! Ẹni tó ń san owó orí ìdá 40 nínú 100, tí wọ́n bá fún un ní £1,000, £580 péré ló máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: owó orí mú £400, National Insurance, ìyẹn owó mìíràn tí ìjọba máa ń yọ lára owó iṣẹ́, mú £20. Bí ilé iṣẹ́ ẹ̀ bá gbà láti darí ẹ̀ sí pẹ́ńṣàn kí wọ́n tó san án, odindi £1,000 ló máa wọlé síbẹ̀. Òótọ́ ni pé kò ní lè fọwọ́ kàn án títí á fi pé ọmọ ọdún 55, ọjọ́ orí yẹn á sì di 57 ní April 2028. Tó bá ń gbà á, ìdá kan nínú mẹ́rin ló sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ owó orí. Èmi gan-an, gbèsè káàdì tí mo fi yáwó ni mo fi bọ́nọ́ọ̀sì tèmi san lọ́dún tó kọjá, èlé ẹ̀ ti fẹ́ pa mí.