Lọ́yà obìnrin tó ń wá ìbò, ẹ bi í nípa ilé opó

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí lọ́yà obìnrin bá ti jáde pé òun fẹ́ du ipò, tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, ohun tí wàá kọ́kọ́ gbọ́ l'Ọ́jà Ọba ni "ta lọkọ ẹ̀?", wọ́n á tún ní ṣé ó máa ń gbọ́rọ̀ sí ọkọ lẹ́nu ṣá. Ọkùnrin tó ń wá ìbò ńkọ́, ta ló ti bi í rí bóyá ìyàwó ẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀?

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa l'Ókè Àró, aránṣọ ni, ọkọ ẹ̀ kú, a ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ táwọn ẹbí ọkọ fi dé, wọ́n gba ìwé ilẹ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n tún ní kó palẹ̀ máṣíìnì ẹ̀ mọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé torí àbúrò ọkọ fẹ́ lò ó. Ilé táwọn méjèèjì jọ kọ́ o! Owó ìránṣọ ẹ̀ ni wọ́n fi ra páànù. Wọ́n ní ìyàwó kì í jogún ọkọ. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé bí àṣà wa ṣe wí nìyẹn lóòótọ́. Ọmọbìnrin ń jogún bàbá ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín in ní ìdí igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tó bímọ, bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ, àwọn ọmọ ló ń gbà á, ìyàwó ò ní ìpín kankan, àfi tí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù tàbí tí ọkọ bá kọ wíìlì sílẹ̀. Mélòó nínú wa ló ṣe ju ìdána lọ?

Ibi tí irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ ti wúlò gan-an nìyẹn, torí ó ti gbọ́ ẹjọ́ opó lẹ́nu opó, ó sì mọ ibi tí òfin ti ń jò. Ní 2014 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà gbè sẹ́yìn opó kan ní Awka tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé ọkọ torí kò bí ọmọkùnrin, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yẹn gan-an. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá, tó fi mọ́ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ opó, ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ti fọwọ́ sí i ní 2021. Ó dáa, ṣùgbọ́n opó wo ló máa rówó lọ kọ́ọ̀tù fún ọdún gbọọrọ? Àwọn 26 tó wà nílé aṣòfin wa níbí lè ṣe òfin ogún tó ṣe kedere, kì í ṣe Àbújá la máa dúró dè, àwọn yẹn sì ti da àbádòfin márùn-ún tó jẹ mọ́ obìnrin nù lóṣù kẹta 2022.

Kì í sì í ṣe nǹkan tójú ò rí rí. Jumoke Akindele, lọ́yà ni, ó ṣe sípíkà nílé aṣòfin wa ní 2014, òun lobìnrin àkọ́kọ́. Jumoke Anifowoshe, ọmọ Ajasin tó ṣe gómìnà Oǹdó rí, náà ti ṣe kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ wa.

Nítorí náà tí irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ bá gbé gbohùngbohùn dé Ìsìkàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyọ̀ àti ìró tí wọ́n ń pín sílẹ̀. Ẹ bi í pé, ìyàwó tí wọ́n ṣe ìdána fún, tó bá ọkọ kọ́lé, ṣé wàá gbé àbádòfin wá kó lè ní ìpín nínú ẹ̀? Oṣù wo? Ẹ ká a sórí fóònù. Tó bá sì jẹ́ ọkùnrin ló wá, ẹ bi òun náà.